Ìpìlẹ̀ ògiri kúkúrú fún ọgbà ẹ̀fọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bíríkìlà. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí mo mọ yí ọgbà ẹ̀fọ́ mi ká n'Íbàdàn ti sán. Ìka mi ń wọ inú rẹ̀. Kò ga ju orúnkún lọ, orí ilẹ̀ lásán ni mo tò ó lé. Báwo ni kòtò ṣe yẹ kó jìn tó?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá mi. Ẹ gbẹ́ ẹ títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ tó le, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Kó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì búlọ́ọ̀kù. Kọnkéré tí ẹ ó dà sí ìsàlẹ̀ kòtò náà: sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 3, òkúta wẹ́wẹ́ 6. Kó nípọn tó ínṣì 6.

Ìdáhùn mìíràn: Ṣé igi wà nítòsí? Gbòǹgbò máńgòrò ló gbé tèmi sókè.

Olùbéèrè: Ìbẹ́pẹ kan péré ni, mà. Mo ti na okùn sí ibi tí màá gbẹ́.