Ṣé àwọn ọsibítù Abẹ́òkúta ò lè máa fi fáìlì aláìsàn ránṣẹ́ síra wọn lórí kọ̀ǹpútà ni?

ÌyáÌbejì_Ìbarà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ọsibítù. Màmá mi lẹ́jẹ̀ ríru, wọ́n tún ní ìtọ̀ ṣúgà, ọsibítù ìjọba ni wọ́n ti ń gbàtọ́jú látọjọ́ tó ti pẹ́. Ìgbà táwọn dọ́kítà ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ la gbé wọn lọ sí ọsibítù aládàáni kan, n ò ní dárúkọ ẹ̀. Wọ́n ní ká ra kádì, a rà á, wọ́n ní ká ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀, tìtọ̀, ti kídìnrín, gbogbo èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lọ́dọ̀ ìjọba tẹ́nì kankan ò lè rí èsì ẹ̀, torí inú fáìlì ló wà, fáìlì sì wà nínú yàrá tí wọ́n ti tì pa. Dọ́kítà wá ní mọ̀mí, oògùn wo lẹ̀ ń lò, màmá ní èyí tó funfun tó kéré yẹn ni. Ta ló máa fìyẹn mọ̀ ọ́n?

Wọ́n kọ tuntun fún wọn, màmá ń lò ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀, kò pẹ́ tẹ́sẹ̀ wọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Oníkẹ́mísí àdúgbò wa ló gba páálí méjèèjì lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí, ó ní ah sister, amlodipine ni méjèèjì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà, orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí ló yàtọ̀.

Ìbéèrè mi rèé o. Gbogbo wa là ń fi fóònù fowó ránṣẹ́ láti Kútọ̀ dé Kánò, a ò ní tíì ṣẹ́jú tó fi wọlé, kí ló wá dé tí ọsibítù méjì tó jọ wà nílùú kan náà ò lè fi èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́ síra wọn? Tó bá sì máa ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan, ta ló máa láǹfààní láti wo ọ̀rọ̀ màmá mi níbẹ̀?

Ẹni_Rẹ́kọ́ọ̀dù

Ẹ pẹ̀lẹ́ o ìyá ìbejì, Ọlọ́run á wo màmá sàn. Amlodipine a máa mú kẹ́sẹ̀ wú lára ẹlòmíì tẹ́lẹ̀, ká má tíì wá sọ pé wọ́n lo ìlọ́po méjì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé páálí méjèèjì lọ fún dọ́kítà, ẹ má fọwọ́ ara yín já ọ̀kankan.

Ẹ̀ka rẹ́kọ́ọ̀dù lèmi wà, àwa là ń wá fáìlì láàárọ̀ tẹ́ ẹ bá ti tò. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé pépà ṣì pọ̀ gan-an, àwọn tó sì ní kọ̀ǹpútà pàápàá, inú ọgbà tiwọn nìkan ló mọ sí, kò bá ti ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Sacred Heart ní Lántòrò ti ń wo aláìsàn nílùú yìí láti 1895, ẹ wo iye ọdún tá a ti ń kọ fáìlì lÁbẹ́òkúta, síbẹ̀ ẹsẹ̀ aláìsàn ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọsibítù kan dé òmíì. Ibi tí mo ti rí i kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ gidi ni klíníkì àwọn tó ń gba oògùn HIV. Wọ́n ń lo irú software tí wọ́n gbé lé OpenMRS, ìyẹn software tí wọ́n fi ń kọ rẹ́kọ́ọ̀dù aláìsàn, ọ̀fẹ́ ni, 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Kẹ́ńyà wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. Tẹ́ni náà ò bá wá gba oògùn lásìkò, wọ́n á mọ̀, wọ́n á pè é. Ó ń wù mí kí oníṣúgà àtẹlẹ́jẹ̀ ríru náà rí irú ẹ̀.

Ní ti òfin, òfin ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. National Health Act ti 2014, abala 26 ní àṣírí lọ̀rọ̀ aláìsàn, àyàfi tó bá fọwọ́ síwèé pé òun gbà, tàbí tí kóòtù tàbí òfin bá ní kí wọ́n sọ ọ́, tàbí tó bá jẹ́ pé ewu ńlá ló máa kan aráàlú tí wọn ò bá sọ. Abala 27 wá gbà kí òṣìṣẹ́ ìlera fi ohun tó bá pọn dandan han òṣìṣẹ́ ìlera míì tó bá jẹ́ fún àǹfààní aláìsàn náà. Ọ̀nà ló kù, àṣẹ wà.

Software_ní_Ọbáńtokò

Ẹ̀gbọ́n rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ ṣeun. Èmi ti bá lábù àti klíníkì kọ software rí, ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti ń le, torí mo ń gbọ́ káwọn èèyàn máa sọ pé ẹ̀rọ ìjọba ò dáa, iná ò sí, bẹ́ẹ̀ ni o, àmọ́ kì í ṣe iná nìkan.

Owó bánkì rọrùn torí náírà ni níbi tó ti kúrò, náírà náà ni níbi tó ń lọ. Ẹ wá wo ṣúgà màmá. Lábù kan á kọ 126, òmíì á kọ 7.0, iye kan náà ni, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀, mg/dL ni ti àkọ́kọ́, mmol/L ni ti ìkejì. Dọ́kítà tó bá rí i á mọ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọn ò bá ṣàlàyé fún á ní ṣúgà màmá ti já wálẹ̀ láti 126 sí 7, ẹ wo ìpayà tíyẹn lè dá sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru. Ìdí tí wọ́n fi ṣe LOINC nìyẹn ní 1994, ní Regenstrief Institute ní Indianapolis, kí àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀ tí gbogbo lábù á jọ máa lò. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to ọ̀rọ̀ náà kó tó rìn láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíì, àjọ kan tó ń jẹ́ HL7 ló ń ṣe é, wọ́n ti wà láti 1987, FHIR ni èyí tí wọ́n ń sọ jù báyìí nínú ìlànà wọn. X-ray àti skáànù ní ìlànà tiwọn, DICOM. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe é níbí ò nílò kó jókòó máa ro ìlànà tuntun, ó ti wà nílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni FHIR.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni orúkọ. Ṣọlá lówùúrọ̀, Shola lálẹ́, orúkọ bàbá níbí, orúkọ ọkọ lọ́hùn-ún, àgbàlagbà tí ò mọ ọjọ́ ìbí ẹ̀ tí wọ́n bá a kọ January 1. Tí kọ̀ǹpútà bá da fáìlì èèyàn méjì pọ̀, ẹni tí penicillin ń bá jà lè gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ torí pé fáìlì onífáìlì ni dọ́kítà ń wò. NIN tó ní nọ́ńbà 11 lè yanjú ẹ̀ díẹ̀, tí gbogbo ọsibítù bá ń bèèrè ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Lafẹ́nwá

Mo ti ka gbogbo ẹ̀, ẹ kú làákàyè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ á fara balẹ̀. Ìlú yìí, a mọra wa. Ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ní ọsibítù lè jẹ́ àna ẹ, ó lè jẹ́ ọmọ ìjọ ẹ. Ẹbí mi kan gbàtọ́jú ní Àrò, ọsibítù àrùn ọpọlọ, níbi tí Dọ́kítà Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá ní 1954, ara ẹ̀ ti yá, ó ń ṣiṣẹ́, ó bímọ. Kò sídìí tí ẹni tó ń yọ eyín fún un fi gbọ́dọ̀ rí ìyẹn. Wọ́n ti ṣòfin Data Protection, tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ẹni, ní 2023, ó sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù, mo mọ̀. Òfin máa mú un lẹ́yìn tó bá ti tú ni, ta ló máa kó o jọ? Èmi ò ní fọwọ́ sí i títí wọ́n á fi sọ bí mo ṣe máa mọ ẹni tó wò ó.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_ní_Leeds

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ àsọdùn rárá, ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn. Nọ́ọ̀sì ni mí níbí. Ní Estonia, látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2008, aráàlú lè wọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó rí dọ́kítà tó ṣí fáìlì ẹ̀ àti ìgbà tó ṣí i, ó sì lè ti apá kan fáìlì ẹ̀ pa. Àwọn òyìnbó ibí náà ò ṣe é láṣeyọrí lẹ́ẹ̀kan náà: 2002 ni England bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan láti so gbogbo ọsibítù pọ̀, owó rẹpẹtẹ ló bá a lọ, 2011 ni wọ́n tú u ká. Ohun tó ń wúlò fún mi lójoojúmọ́ kéré síyẹn gan-an, wọ́n ń pè é ní Summary Care Record: oògùn tẹ́ni náà ń lò, àtohun tí ara ẹ̀ kọ̀, nọ́ńbà NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ibí, tó ní dígíìtì 10, ni wọ́n fi ń wá a. Ìyẹn nìkan ì bá ti gba màmá ìyá ìbejì lọ́wọ́ amlodipine ẹlẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí Ògùn bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, oògùn àti ohun tí ara kọ̀, kó má kan Àrò, kó má kan HIV.

ÌyáÌbejì_Ìbarà

Ẹ ṣeun gbogbo yín, ẹ̀gbọ́n ẹ ṣeun. Ti Leeds yẹn wọ̀ mí lára. Àmọ́ kó tó débẹ̀, kí ni kí n ṣe báyìí báyìí? Klíníkì màmá ti fẹ́ pé. Ṣé mo lè ní kí wọ́n kó fáìlì yẹn fún mi?

Ẹni_Rẹ́kọ́ọ̀dù

Wọn ò ní kó ojúlówó fáìlì fún yín, ti ọsibítù ni. Ẹ ní kí dọ́kítà kọ létà àkópọ̀ fún yín, ẹ̀tọ́ yín ni kẹ́ ẹ bèèrè ẹ̀. Ẹ bá wọn rí i pé orúkọ oògùn gangan ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ti páálí, àti ìwọ̀n ẹ̀, àtohun tí ara màmá kọ̀, àti èsì tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kí wọ́n kọ mg/dL tàbí mmol/L síwájú ẹ̀ bí àbúrò wa ṣe wí. Èyí tí wọ́n ń pè ní HbA1c, bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn ló ń fi hàn, torí náà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é, ẹ fi èsì ẹ̀ hàn wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó òmíì. Ẹ yà á sórí fóònù yín, kẹ́ ẹ sì fi páásìwọ́ọ̀dù sí fóònù náà. Ẹ̀gbọ́n Lafẹ́nwá, ẹni tó bá ní ohun tí kò fẹ́ kó wà nínú létà tiẹ̀, kó sọ fún dọ́kítà kí dọ́kítà tó mú bírò.