Pokémon Gold àti Silver: ẹrù pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá ti gbá Pokémon Gold tàbí Silver, eré fídíò Game Boy tí a ti ń mú ẹ̀dá tí a sì ń fi wọ́n jà, dé òpin, kó wá sọ ibi tí eré náà ti ń dùn mọ́ni àti ibi tó ti ń jáni kulẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú nọ́ńbà dání. Ẹ má kàn sọ pé ó dùn, gbogbo wa la mọ̀ pé ó dùn.

Kí n ṣí i. Oṣù kọkànlá ọdún 1999 ló jáde ní Japan, ó dé Amẹ́ríkà ní 2000, Yúróòpù sì rí i ní 2001. Ọgọ́rùn-ún ẹ̀dá tuntun ni wọ́n fi kún 151 ti àkọ́kọ́. Aago wọ inú eré: àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago 4, ọ̀sán ní aago 10, alẹ́ ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Hoothoot, ẹ̀dá bí òwìwí, kò ní jáde sí ọ nínú koríko lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, wọ́n sì ń yé ẹyin. Tí o bá gba báàjì mẹ́jọ lọ́wọ́ àwọn olórí tó wà ní Johto, ilẹ̀ tí eré ti bẹ̀rẹ̀, tí o sì na Lance tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá, ilẹ̀ Kanto inú eré àkọ́kọ́ yóò tún ṣí fún ọ, báàjì mẹ́jọ mìíràn ń dúró dè ọ́ níbẹ̀.

Ojú tèmi ni pé ilẹ̀ kejì yẹn, tí gbogbo ayé ń yìn, òun gan-an ló mú kí ilẹ̀ kìíní fúyẹ́. Wọ́n pín ọbẹ̀ ìkòkò kan sí abọ́ mẹ́rìndínlógún.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e síbi tó yẹ. Lẹ́fẹ́lì, ìyẹn ipele agbára ẹ̀dá, ni kí a fi wò ó.

Títí dé ọ̀dọ̀ Morty, nǹkan ń gòkè bó ṣe yẹ: Pidgeotto ti Falkner, olórí àkọ́kọ́, wà ní 9, Scyther ti Bugsy ní 16, Miltank ti Whitney ní 20, Gengar ti Morty ní 25. Lẹ́yìn Morty, eré náà là ọ̀nà sílẹ̀, ó ní kí o yan ibi tó wù ọ́. Kí ẹni tó bá yan èyíkéyìí má baà kú sọ́nà, wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀ pẹrẹsẹ. Chuck gbé Poliwrath 30 jáde, Jasmine gbé Steelix 35, ìgbà tí o bá wá dé ọ̀dọ̀ Pryce tó jẹ́ olórí keje, Piloswine 31 ló ní. Olórí keje kéré sí ìkẹfà! Clair ní Kingdra 40, Will, ẹni àkọ́kọ́ nínú Elite Four (àwọn ọ̀gá mẹ́rin tí a ń bá jà kí a tó dé ọ̀dọ̀ Lance), náà sì bẹ̀rẹ̀ láti 40.

Ohun tó wà nínú koríko ló burú jù. Títí dé inú ihò Victory Road, àwọn ẹ̀dá ibẹ̀ kò kọjá ọgbọ̀n-lé-díẹ̀. Pọ́ìntì ìrírí, èyí tó ń gbé lẹ́fẹ́lì ga, tí Graveler 34 ń fún ẹ̀dá tó ti wọ 40 kò tó nǹkan. Nítorí náà, àwọn tó ń tọ́ ẹ̀dá mẹ́fà pọ̀ ló máa ń há. Mẹ́rin ni kí o tọ́, kí méjì tó kù máa gbé Surf, Strength, Waterfall àti àwọn HM yòókù, ìyẹn àwọn ọgbọ́n tí a fi ń la ọ̀nà kọjá. Lẹ́yìn Gyarados pupa ní Lake of Rage, gbé Red Scale lọ fún Mr. Pokémon, yóò fi Exp. Share, ohun tó ń pín pọ́ìntì fún ẹ̀dá tí kò jà, dá a padà fún ọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbàgbé rẹ̀ sínú àpò. Tí o bá sì fẹ́ pọ́ìntì gidi, Elite Four ni kí o máa padà sọ́dọ̀ wọn léraléra, torí kò sí koríko kankan nínú eré náà tó lè san owó tí Lance ń san.

Kanto wá dé. O ti na Lance tó ní Dragonite 50. O rékọjá sí Fuchsia, Janine dìde: Crobat 36, Weezing 36, ti ọwọ́ rẹ̀ tó ga jù ni Venomoth 39. Ṣé ìjà nìyẹn? Blue ní Viridian ló ga jù nínú àwọn olórí mẹ́rìndínlógún, 58 ló sì mọ. Lẹ́yìn náà, o gun Mt. Silver lọ, Red, akọni eré àkọ́kọ́, dúró síbẹ̀ kò fọhùn, Pikachu rẹ̀ wà ní 81. Láti 58 sí 81, kò sí àtẹ̀gùn kankan láàárín.

*

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà eré náà díẹ̀. Ẹni tó bá ní ó rọrùn, kó rántí Miltank.

Ìdí tí màlúù yẹn fi ń pa èèyàn kì í ṣe lẹ́fẹ́lì 20. Rollout, ọgbọ́n ìjà rẹ̀ kan, ni. Agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 30, ó sì ń di ìlọ́po méjì ní gbogbo ìgbà tó bá bá ọ: 30, 60, 120, 240, 480. Ẹ̀dá kẹta tí o bá gbé jáde ti ń jẹ 120 nìyẹn kó tó rí ojú ara rẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ yára pa á, Milk Drink yóò dá ìdajì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà. Bí ẹ̀dá rẹ bá jẹ́ akọ, Attract yóò sọ ọ́ di olólùfẹ́ tí kì í lè gbé ọwọ́ nígbà míì. Àwọn ẹ̀dá mẹ́ta tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Elm ń fúnni ní ìbẹ̀rẹ̀, akọ ló pọ̀ jù nínú wọn, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bàjẹ́.

Bí a ṣe ń tú u: gun àjà karùn-ún ilé ìtajà ńlá inú Goldenrod. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń fi Machop tó ń jẹ́ Muscle pààrọ̀ Drowzee. (Nínú Crystal, ẹ̀dà kẹta eré yìí, Abra ló ń béèrè.) Drowzee wà nínú koríko Route 34, ẹ̀yìn ìlú náà ni. Abo ni Muscle, nítorí náà Attract kò ràn án. Ẹ̀dá oríṣi Fighting ni, Rollout kò sì wọ̀ ọ́ lára tó bó ṣe ń wọ ẹlòmíràn. Ẹ̀dá tí a fi pààrọ̀ máa ń jẹ pọ́ìntì ìlọ́po kan àbọ̀, nítorí náà tọ́ ọ dé lẹ́fẹ́lì 13 kó mọ Karate Chop, kí o tó wọlé. Bí o bá ti ní abo Geodude tẹ́lẹ̀, òun náà lè dúró: Stomp àti Rollout, ìdajì ni wọ́n ń ṣe fún un. Rollout máa ń já bó bá tàsé tàbí bí ara Miltank bá kú tipiri tí kò lè gbéra, fún ìdí èyí, Sand-Attack méjì tàbí Thunder Wave kan tó ju oògùn márùn-ún lọ.

*

Àbúrò, òótọ́ lo sọ nípa Miltank. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ẹ̀dá tuntun kí ẹ sọ fún mi ibi tí wọ́n fi wọ́n pamọ́ sí.

Wọ́n ṣe oríṣi Dark tuntun. Houndour? Kanto, lálẹ́. Murkrow? Kanto, lálẹ́. Slugma, iná tuntun? Kanto. Larvitar, tó máa di Tyranitar? Inú Mt. Silver, lẹ́yìn báàjì kẹrìndínlógún, nígbà tí Red nìkan ló kù tí o máa bá jà. Taa ni o fẹ́ fi Tyranitar nà nígbà náà? Ẹni tó ń rìn ní Johto tó fẹ́ Dark, Umbreon nìkan lọ̀nà: gba Eevee lọ́wọ́ Bill, fẹ́ràn rẹ̀ títí ìfẹ́ rẹ̀ yóò fi dé 220, kí o sì gbé e ga ní lẹ́fẹ́lì kan lálẹ́. Bó bá di ojúmọ́, Espeon ló dà. Karen tó jẹ́ ọ̀gá Dark fúnra rẹ̀, nínú ẹ̀dá márùn-ún tó ní, Vileplume àti Gengar wà níbẹ̀. Ọ̀gá oríṣi tuntun kò rí oríṣi tuntun kó jọ.

Ilẹ̀ Kanto fúnra rẹ̀, wọ́n gé e bí aṣọ tó ṣẹ́kù. Safari Zone ti ń tì, òkè iná ti jẹ Cinnabar run tí Blaine fi ń gbé inú ihò, Viridian Forest ti di ojú ọ̀nà lásán. Mo mọ̀ pé káàtíríìjì kékeré ni. Síbẹ̀.

*

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Kurt, àwọn bọ́ọ̀lù tí Kurt ń ṣe fúnni láti fi mú ẹ̀dá, ni tèmi, kúkúrú ni.

Mẹ́ta nínú wọn kò ṣe ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe. Love Ball yẹ kó lágbára ìlọ́po mẹ́jọ bí tìrẹ àti ti iwájú rẹ bá jẹ́ irú ẹ̀dá kan náà, tí ọ̀kan jẹ́ akọ tí èkejì jẹ́ abo; kóòdù rẹ̀ ṣì í, ìgbà tí wọ́n bá jẹ́ akọ méjì tàbí abo méjì ló ń ṣiṣẹ́. Moon Ball yẹ kó mú àwọn ẹ̀dá tó ń fi Moon Stone yípadà, àmọ́ nọ́ńbà Burn Heal ló ń wá, kò sì sí ẹ̀dá tó ń fi Burn Heal yípadà, nítorí náà bọ́ọ̀lù lásán ni. Fast Ball yẹ kó mú gbogbo ẹ̀dá tó ń sá. Magnemite, Grimer àti Tangela nìkan ló mọ̀. HeartGold àti SoulSilver, àtúnṣe eré yìí, ti tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe.

Èyí tó wúlò tí èèyàn kì í bìkítà fún ni Friend Ball. Ẹ̀dá tó bá wọ inú rẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 200. Ogún péré ló kù kó dé 220. Fi mú Golbat tàbí Chansey, kò ní pẹ́ tí Crobat tàbí Blissey yóò fi dé. Lure Ball náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ohun tí o bá fi ìwọ̀ mú nínú omi.

*

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ bátìrì? Aago tí ẹ ń yìn yẹn ló ń jẹ ẹ́.

Nínú káàtíríìjì náà, kírísítà kan ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀rọ tàn, ẹ̀rọ kò tàn. Bátìrì CR2025 kan ṣoṣo ló ń bọ́ aago yìí, òun náà ló ń di séèfù, ìyẹn ibi tí o bá eré dé, mú. Nítorí náà, bátìrì Gold àti Silver sábà máa ń kú ṣáájú ti Red àti Blue, tí kò ní aago láti bọ́. Bí o ṣe máa mọ̀: ṣe séèfù, pa ẹ̀rọ, fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó ti tán.

Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, bí séèfù bá ṣì wà, fi ẹ̀rọ tó ń ka káàtíríìjì gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Bí bátìrì bá ti kúrò lórí pátákó báyìí, séèfù náà ti lọ. Ìdè káàtíríìjì kì í ṣe ti gbogbogbòò, orí ìtúdè 3.8 mm ló ń tú u. Wo ẹ̀gbẹ́ tí àmì àròpọ̀ wà kí o tó fi òjé gbígbóná tú ti àtijọ́. Ra èyí tí ilé iṣẹ́ ti lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Má ṣe gbé iná òjé lé ara bátìrì fúnra rẹ̀, ó lè bẹ́. Àwọn tó ń fi téèpù dì í mú, ẹ ṣọ́ra: káàtíríìjì já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, irin yẹ̀ díẹ̀, ọgọ́ta wákàtí eré wọmi.

Bí aago nìkan bá ṣì ń ṣìnà, tẹ ìsàlẹ̀, Select àti B pa pọ̀ níbi ojú ìwé àkọlé. Yóò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ, nọ́ńbà ID rẹ àti iye owó tó wà lọ́wọ́ rẹ ṣírò, nítorí náà má ná kọ́bọ̀ kí o tó ṣírò rẹ̀ tán. Ẹ̀dà orí ẹ̀rọ Nintendo 3DS tó jáde ní 2017 kò ní wàhálà yìí, àmọ́ wọ́n ti ti ìsọ̀ 3DS ní oṣù kẹta 2023. Ẹni tí kò tíì rà á tẹ́lẹ̀ kò rí i rà níbẹ̀ mọ́.

*

Ẹ ti ń na eré yìí jù. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ pẹ̀lú ẹyin, torí ibẹ̀ ni ó ti borí gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Àwọ̀ àrà ọ̀tọ̀, ìgbà 1 nínú 8,192 ló ń jáde nínú koríko. Ṣùgbọ́n Gyarados pupa ti Lake of Rage, lẹ́fẹ́lì 30, ó ń dúró dè ọ́. Má pa á, mú un. Akọ ni nígbà gbogbo. Gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ ní Route 34 pẹ̀lú abo Magikarp.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nínú eré yìí, àwọ̀ wà lára àbùdá ìbí, nọ́ńbà láti 0 sí 15 tí wọ́n ń bí ẹ̀dá mọ́: Defense, Speed àti Special gbọ́dọ̀ jẹ́ 10, Attack sì gbọ́dọ̀ wọ inú àwọn nọ́ńbà kan. Ọmọbìnrin ń jogún Defense bàbá rẹ̀ bó ṣe wà, 10 nìyẹn. Special rẹ̀ yóò jẹ́ ti bàbá tàbí kó fi 8 yàtọ̀ sí i, ìdajì-ìdajì. Speed, ó ku oríire, 1 nínú 16. Attack abo Magikarp kì í ju 7 lọ, 2, 3, 6 àti 7 ló sì dára, ìdajì tún ni. Ẹ so ó pọ̀: 1 nínú 64 láàárín àwọn ọmọbìnrin. Ẹyin Magikarp sì ń pa ní bí ìṣísẹ̀ 1,280, àwọn ẹyin míì ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Gun kẹ̀kẹ́ lọ sókè sódò láàárín Goldenrod àti Route 34, wúrà ni Magikarp tó o ń wá yóò yọ.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń dí mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ni pé, bí o bá fẹ́ da ọmọ náà pọ̀ mọ́ bàbá rẹ̀, wọn kò ní yé. Eré náà ń fi Defense àti Special wọn wé ara, bó bá bára mu, ẹbí ló kà wọ́n sí. Bí Special ọmọ náà bá fi 8 yàtọ̀ sí ti bàbá ńkọ́? Wọ́n ṣì kà á sí ẹbí. Ọkọ láti ìdílé mìíràn ni kí o wá fún un.