Sienna tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà òkè: Àkúrẹ́ sí Ìdànrè, kí a sì gba Ẹ̀fọ̀n bọ̀

Ìyá Kékeré, Ìjàpọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Sienna 2008 tòkunbọ̀, ẹ́ńjìnnì 3.5, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti èbúté dé, ni a fẹ́ fi gbé àgbà mẹ́rin àti ọmọdé mẹ́ta lọ wo Òkè Ìdànrè. Lọ́jọ́ kejì, a ó gba Ìgbàrà-Òkè àti Ìwàràjà gun Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, a ó sì ya Ìkọ́gósì, níbi ìsun omi gbígbóná, kí a tó padà sílé. Ẹni tó bá mọ irú ọkọ̀ yìí àtàwọn ọ̀nà yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí á yẹ̀ wò? Kí ló máa ń bàjẹ́?

Mẹkáníìkì Road Block

Ìyá Kékeré, ẹ kú ìmúra. Ohun táwọn èèyàn sábà máa ń bèèrè ni bóyá ọkọ̀ á lè gun òkè. Ẹ́ńjìnnì 3.5 lágbára ju òkè Ìdànrè lọ, ìyẹn kọ́ ni wàhálà. Ìsọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ fọkàn sí. Tí ẹ bá ń gòkè, ẹ́ńjìnnì ló ń ru ẹrù. Tí ẹ bá ń sọ̀, bíréèkì ni, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kan bíréèkì tòkunbọ̀ kẹ́yìn.

Abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó tutù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn ló ń jẹ abẹ́ ọkọ̀: òkè á máa dán, ìsàlẹ̀ á ti dípẹtà. Ẹ gbé e sókè dáadáa, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tọ páìpù bíréèkì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Èyí tó bá ti wú, tó ń ṣí bí èèpo igi, pípààrọ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pẹ́ńtì bò ó. Irú páìpù bẹ́ẹ̀ lè fara da títẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ inú gòsílóò Ọba Adésidà fún oṣù mẹ́fà, kó wá bẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ó kan omi bíréèkì. Omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní DOT 3, bó bá ṣì jẹ́ tuntun, kì í hó títí ó fi dé 205°C ó kéré tán, ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá ti wọ̀ ọ́ dáadáa, ní nǹkan bí 140°C ló ti lè hó. Bó bá ti hó, ooru á kún inú páìpù, ẹsẹ̀ á sì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Bíbu tuntun lé àtijọ́ lórí kò wo àrùn yìí. Kí wọ́n fa gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lítà kan tó o. Ẹ ra DOT 4 tí owó bá wà, ó fara da ooru jù ú lọ, ó sì bá ọkọ̀ yẹn mu. Páàdì tó bá ti fẹ́lẹ́ dé mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì yìí, tí wọ́n ń pè ní 2GR-FE, ní páìpù ọ́ìlì kékeré kan fún VVT-i (ẹ̀rọ tó ń darí ìgbà tí fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí) lápá ibi tí bẹ́líìtì wà, lẹ́yìn, níbi tó sún mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú àwọn ti ìgbà yẹn, irin ni orí rẹ̀ méjèèjì, rọ́bà ni àárín. Rọ́bà náà máa ń là bó bá ti gbó. Ọjọ́ tó bá là, ọ́ìlì á dà tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Toyota fúnra rẹ̀ fi èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ rọ́pò rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò dájú pé ti yín wà níbẹ̀. Ẹ wò ó. Bí ẹ bá rí rọ́bà, ẹ fi onírin rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní Àkúrẹ́. Bí iná ọ́ìlì pupa bá sì tàn lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ti dé ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ rọra wà á dé abúlé iwájú.

Ìyá Kékeré, Ìjàpọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá. Omi inú rádíétọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní kí á yọ tẹ́mósítáàtì dànù kó má baà gbóná.

Mẹkáníìkì Road Block

Ẹ má yọ ọ́ o. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná dé ibi tó yẹ kó dé, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa fún un lépo jù. Ọkọ̀ tó bá ń gbóná ní ìdí tó fi ń gbóná: rádíétọ̀ tó dí, fáànù tí kì í yí, ọmọrí rádíétọ̀ tí rọ́bà rẹ̀ ti rọ, tàbí pọ́ǹpù omi tó ń jò. Fáànù méjì ló wà níwájú Sienna. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan éàsì, kí méjèèjì máa yí. Bí ọ̀kan bá dúró, kò ní hàn nígbà tí ẹ bá ń sáré lójú títì tó tẹ́jú, atẹ́gùn á máa bá a ṣe é. Orí òkè, níbi tí ọkọ̀ ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì sì ń sún kíkankíkan, ni àṣírí á ti tú.

Kúláǹtì ni kí ẹ lò, ìdajì kúláǹtì, ìdajì omi tó mọ́. Omi lásán ń dá ìpẹtà sílẹ̀, ó sì ń tètè hó ju kúláǹtì lọ. Bí ọwọ́ ooru bá kọjá àárín, ẹ pa éàsì, ẹ ṣí híítà dé òpin bó tilẹ̀ ń mú yín láàágùn, ẹ wá ibi tó tẹ́jú dúró. A kì í ṣí ọmọrí rádíétọ̀ tó gbóná. Ẹ fún un ní ìdajì wákàtí, ó kéré tán.

Fọkanáísà Alágbàáká

Táyà ni tèmi. Sienna yẹn ń lo 215/65R16 tàbí 225/60R17. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ óò rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin. Ó sọ iye afẹ́fẹ́ àti iye ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé. PSI 35 ló sábà máa ń wà níbẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Àárọ̀, nígbà tí táyà tutù, ni a ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ ka nọ́ḿbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT lára táyà. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ lè ní eyín rẹpẹtẹ kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí ẹ bá rí ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ tó sán, ẹ má gbé e lọ sórí òkè.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ nìyí. Bí Sienna yín bá jẹ́ AWD, ìyẹn èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, kò ní sípéà rárá. Táyà tó lè rìn díẹ̀ láìní afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ṣe é nílé iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti wá fi táyà lásán rọ́pò rẹ̀ níbí, ẹ ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó bá fọ́. Bí kì í bá ṣe AWD, sípéà wà lábẹ́, wáyà ló gbé e kọ́. Iyọ̀ tí ọ̀gá mẹkáníìkì sọ ń jẹ wáyà náà pẹ̀lú; nítorí ẹ̀ ni Toyota fi pe Sienna 1998 sí 2010 padà lọ́dún 2010 ní àwọn ìpínlẹ̀ tó tutù, torí sípéà lè já sílẹ̀ lójú títì.

Ìyá Kékeré, Ìjàpọ̀

Wáyà tó bá ti dípẹtà ńkọ́?

Fọkanáísà Alágbàáká

Ẹ sọ sípéà kalẹ̀ nílé, ẹ má dúró kó di inú igbó. Ẹ gbé e sínú bùútù, ẹ fi okùn dì í kó má yí. Ẹ dán jáàkì àti sípánà wò lára táyà kọ̀ọ̀kan, torí nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ẹ̀rọ dì máa ń le ju agbára sípánà inú ọkọ̀ lọ.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìkàrẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà.

Kí ẹ tó kọjá góńgó òkè ni kí ẹ ti dín eré kù, kí ẹ sì fa jíà kúrò ní D sí 3. Bó bá ṣì ń sáré, ẹ fà á sí 2. Ẹ́ńjìnnì á hu, ọ̀pọ̀ á rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o, òun ló ń di ọkọ̀ mú. Bíréèkì tí ẹ bá wá tẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ gírígírí fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan títí eré á fi wálẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Gbígbé ẹsẹ̀ lé e fẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló ń sun bíréèkì.

Ẹ má ṣe fi jíà sí fíríì (N) láti fi dá epo sí. Nígbà tí jíà bá wà ní D, 3 tàbí 2 tí ẹsẹ̀ sì kúrò lórí tọ́tù, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń pa epo dé pátápátá. Fíríì ló ń jẹ epo ju ìyẹn lọ, ó sì gba ohun tó ń di ọkọ̀ mú kúrò. Ẹni tó bá tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ìtẹ̀ méjì mẹ́ta péré ni bíréèkì á fi rọ̀, lẹ́yìn náà á le bí òkúta, sítíárìn náà á le.

Bí ẹ bá gbóòórùn bí ẹni sun aṣọ, ẹ dúró níbi tó tẹ́jú fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹ má da omi sí i, dísìkì gbígbóná lè ká tàbí kó sán.

Àwọn tírélà ńkọ́? Ojú ọ̀nà Ọ̀kà-Àkókó ló kọ́ gbogbo awakọ̀ lẹ́kọ̀ọ́ yìí: tírélà ẹlẹ́rù tí bíréèkì rẹ̀ já lórí ìsọ̀kalẹ̀ kì í yan ẹni tó máa gbá. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀ lẹ́yìn yín bí ẹ ṣe fẹ́ sọ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tó fẹ̀, kó kọjá. Bó bá wà níwájú, ẹ fi àyè rẹpẹtẹ sílẹ̀. Kọ́nà tó wà láàárín Ìwàràjà àti Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe ibi tí a ti ń ya ọkọ̀ iwájú sílẹ̀. Ẹ ò lè rí ẹni tó ń bọ̀. Ẹ fọn họ́ọ̀nù kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ sì dúró sí ọwọ́ yín.

Ọmọ Òdòdé

Ìyá wa, ẹ káàbọ̀ sí Ìdànrè ṣáájú. Aago méje àárọ̀ ni kí ẹ ti kúrò ní Àkúrẹ́. Ọ̀nà náà kò jìn, kò tó wákàtí kan bí kò bá sí gòsílóò, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn orí òkè lé ní 600, oòrùn ọ̀sán lórí àpáta kò sì dára fún ọmọdé. Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú àtẹ̀gùn, ẹ lò wọ́n. Òkè ni ìlú àtijọ́ wà, pẹ̀lú ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè. Ibẹ̀ làwọn baba wa gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Òdòdé.

Tí ẹ bá ń bọ̀, òkè á kọ́kọ́ yọ bí ẹ̀yìn erin láàárín igbó kòkó. Ó dùn wò débi pé awakọ̀ náà á fẹ́ yíjú. Kí ẹlòmíràn máa wò ó fún un. Ẹ dúró níbi tó fẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò. Bí òjò bá ti rọ̀, àpáta kì í mu omi, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣàn wá sójú ọ̀nà pẹ̀lú yanrìn àti ewé kòkó. Inú kọ́nà ni yanrìn yẹn ń kóra jọ sí, táyà iwájú á yọ̀ bí ẹ bá tẹ bíréèkì níbẹ̀. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó wọ kọ́nà. Àárọ̀ lẹ́yìn òjò, kùrukùru lè bo ọ̀nà. Iná kúkúrú ni kí ẹ tàn, iná gígùn á kàn padà wá sí yín lójú.

Ìyá Kékeré, Ìjàpọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ó ku ọ̀kan: a ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta mẹ́rin níbi tó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Kí la máa ṣe kó má baà yí lọ?

Mẹkáníìkì Road Block

Ìbéèrè gidi nìyẹn, torí Sienna 2004, 2005, àti 2007 sí 2009 wà lára àwọn tí Toyota pè padà lọ́dún 2013: jíà wọn lè kúrò ní P láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ bíréèkì. Ọmọdé tó ń ṣeré níwájú lè fà á. Nítorí náà, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi sí N, ẹ fi ẹsẹ̀ òsì tẹ páákì bíréèkì wọlẹ̀ dáadáa, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì kí ọkọ̀ fara ti páákì bíréèkì náà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fi sí P. Ẹ yí táyà iwájú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ fi igi tàbí òkúta ńlá há táyà ẹ̀yìn méjèèjì lápá ibi tí ilẹ̀ dà sí, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ àgbà. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó yọ òkúta.