Báwo ni mo ṣe lè fi iṣẹ́ ọnà sọ ohun tí àbúrò mi rí nígbà tí ọpọlọ ẹ̀ ń ṣàìsàn?

AyàwòránTuntun:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á fún mi. Ọdún tí mo máa parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà mi la wà yìí, mo sì fẹ́ fi iṣẹ́ àṣekágbá mi sọ̀rọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ, pàápàá bí ohun téèyàn ń rí àti ohun tó ń gbọ́ ṣe máa ń yí padà nígbà tí àìsàn yẹn bá dé. Mi ò kàn ṣàdédé yàn án o. Àbúrò mi obìnrin ló ṣe lọ́dún méjì sẹ́yìn, psychosis làwọn dókítà pè é, ó tó oṣù mẹ́rin kó tó bọ̀ sípò. Ara ẹ̀ ti yá báyìí, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló sì ní kí n ṣe é.

Ibi tó ti wá dojú rú rèé. Mo ti ya àwòrán mẹ́fà, ojú èèyàn ni gbogbo wọn, ọ̀dà dúdú àti pupa ni mo lò, ẹnu là sílẹ̀ gbàgà, orí sán bí ìkòkò tó fẹ́ fọ́, ẹyinjú wà níbi tí kò yẹ kí ẹyinjú wà. Olùkọ́ mi yìn ín, àwọn ẹgbẹ́ mi náà yìn ín. Mo wá pe àbúrò mi kó wá wò ó. Ó dúró níwájú wọn, ó wò wọ́n títí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ta nìyí?" Mo ní ìwọ ni, bó ṣe ń ṣe ẹ́ nígbà yẹn. Ó ní "Rárá o. Bí ẹ ṣe ń wò mí nígbà yẹn lẹ yà yìí, ẹ ò ya ohun témi ń rí." Látọjọ́ yẹn mi ò tíì lè fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì.

Mo wá bi í pé kí ló rí gan-an. Ó ní òun ò rí iwin, òun ò rí ẹranko kankan. Ó ní ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo nǹkan ṣàdédé ní ìtumọ̀. Ó máa rí bọ́tìnnì funfun márùn-ún lára ṣẹ́ẹ̀tì ẹnì kan, tó bá yá á rí nọ́ńbà ọkọ̀ tó ní márùn-ún nínú, á tún rí èèyàn márùn-ún tó dúró síbì kan, ó sì máa dá a lójú, bó ṣe dá ẹ̀yin lójú pé ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, pé ẹnì kan ló ń fi márùn-ún yẹn ránṣẹ́ sí òun. Ó ní àwọ̀ gbogbo nǹkan mọ́ sí i, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ayé tán. Ó ní ó dùn mọ́ òun pàápàá níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé.

Ẹ gbà mí o, báwo lèèyàn ṣe ń ya bọ́tìnnì márùn-ún tí ẹni tó ń wò ó á fi mọ̀ ọ́n lára? Ṣé kí n pa àwòrán tì, kí n lo odidi yàrá, iná àti ohùn? Ṣé ó tiẹ̀ tọ́ sí èmi tí irú ẹ̀ ò ṣe rí láti ṣe é? Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, tàbí tí àìsàn yẹn ti ṣe rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.

OhùnKékeré:

Ẹ bá mi kí àbúrò yín dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún yín yẹn, kí ẹ kọ ọ́ síbi tẹ́ ẹ ti máa rí i lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbọ́ ohùn. Mò ń lo oògùn, mò ń ṣiṣẹ́, mò ń tọ́mọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ojú làwọn ayàwòrán máa ń sáré lọ bá, bẹ́ẹ̀ etí ni ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ sí. Láàárín àwọn tó ní schizophrenia, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn àìsàn ọpọlọ tó le, ohùn gbígbọ́ wọ́pọ̀ ju kéèyàn máa rí nǹkan lọ dáadáa, àmọ́ fíìmù nílò nǹkan tó máa fi hàn, ìyẹn làwọn èèyàn fi rò pé gbogbo wa là ń rí òkú.

Fáànù ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń tan fáànù sùn, alẹ́ ọjọ́ kan mo gbọ́ tẹ́nì kan ń sọ̀rọ̀ nínú ìró ẹ̀, bí ìgbà tí rédíò bá ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì, téèyàn ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ àmọ́ tó mọ̀ pé èèyàn ni. Mo pa fáànù, ó dákẹ́, mo tàn án, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe rí fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, títí dọjọ́ tí mo pa fáànù tí ohùn ò sì dákẹ́. Kí ló ń sọ? "Ó ti dìde. Ó ń lọ bu omi. Wò ó, ó fẹ́ mu ún." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èébú ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, kò sí igbe. Ẹ ṣáà rò ó wò, kẹ́nì kan máa ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ń ṣe sí yín létí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ ò ní lè ka ojú ìwé kan parí.

Tó bá jẹ́ èmi ni, màá gbé fáànù sínú yàrá yẹn, màá fi sípíkà kékeré pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀, ohùn yẹn ò ní ròkè rárá, débi pé àwọn kan á gbọ́, àwọn kan ò ní gbọ́. Ẹ fún wọn ní fọ́ọ̀mù kan kí wọ́n máa kọ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ wá wo bí ẹni tó gbọ́ á ṣe máa wo ojú àwọn tí ò gbọ́, tí ò sì ní lè bi wọ́n. Ojú tó máa ń wò wọ́n yẹn, mo mọ̀ ọ́n ju ohùn lọ.

Ní ti pé ṣé ó tọ́ sí yín, ó tọ́, tẹ́ ẹ bá ti ń bèèrè. Lọ́dún 1987, dókítà kan ní Netherlands tó ń jẹ́ Marius Romme lọ sórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú obìnrin kan tó ń gbọ́ ohùn, wọ́n ní kí àwọn tó ń gbọ́ náà pe àwọn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló pè. Ní tèmi, mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rí ẹni bi wọ́n rí pé kí ni ohùn yẹn ń sọ.

ÀgbàỌnà:

Mo ti ń kọ́ni ní àwòrán yíyà ọjọ́ ti pẹ́, irú àwòrán mẹ́fà tẹ́ ẹ yà yẹn, mo máa ń rí i lọ́dọọdún. Ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìtàn Louis Wain. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ológbò ló fi lókìkí, lọ́dún 1924 wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, inú ilé ìwòsàn ló sì wà títí tó fi kú lọ́dún 1939. Dókítà kan tó ń jẹ́ Walter Maclay wá to díẹ̀ lára àwọn ológbò ẹ̀ tẹ̀ léra wọn, ológbò gidi ló ṣáájú, títí tó fi dé orí èyí tó ti di kìkì ìlà àti àwọ̀ téèyàn ò mọ orí yàtọ̀ sí ìrù, ó ní ẹ wò ó, bí àìsàn ṣe ń jẹ ọpọlọ ọkùnrin yìí lọ nìyẹn. Àwọn ìwé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà gbé e jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bẹ́ẹ̀ Wain ò kọ déètì sí wọn! Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó ṣáájú, ó sì ń ya ológbò gidi ní ilé ìwòsàn yẹn títí dọjọ́ alẹ́ ẹ̀. Ẹni tó tò wọ́n ló dá ìtàn yẹn sílẹ̀. Ohun tí mò ń sá fún nínú iṣẹ́ tiyín nìyẹn, kẹ́ ẹ má to ayé àbúrò yín fún un.

Ẹ wo Yayoi Kusama, ọmọ Japan. Àtikékeré ló ti ń rí àmì tó-tò-tó tó máa ń bo ògiri, tó máa ń bo ara òun náà. Àtọdún 1977 ló ti fúnra ẹ̀ lọ ń gbé ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Tokyo, ó sì ń jáde lọ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Kò ya ojú tó ń ké. Àmì yẹn náà ló ń yà, ó yà á títí ó fi kún yàrá, lọ́dún 1965 ó fi jígí yí yàrá kan ká kí nǹkan inú ẹ̀ má lópin.

Ẹ̀yin náà ti ní márùn-ún. Ẹ má ya á, ẹ fi pamọ́ sínú yàrá. Ìṣó márùn-ún lára ògiri, gílóòbù márùn-ún, àga márùn-ún, aago tó dúró sí márùn-ún, bọ́tìnnì márùn-ún lára ṣẹ́ẹ̀tì kan tẹ́ ẹ fi kọ́, ẹ má kọ nǹkan kan sára ògiri. Ẹni tó bá wọlé ò ní fura, àmọ́ tó bá ti rí ẹ̀ẹ̀mẹta, kò ní lè ṣíwọ́ mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kẹ́ ẹ sì máa jẹ́ kí wọ́n wọlé ní márùn-ún márùn-ún. Tó bá wá yá, wọ́n á ka ara wọn.

Klaus Conrad, dókítà ará Jámánì, kọ̀wé lọ́dún 1958 nípa bí gbogbo nǹkan ṣe máa ń ní ìtumọ̀ ojijì yìí níbẹ̀rẹ̀ àìsàn, ohun tí àbúrò yín sọ gẹ́lẹ́.

Ìkejì_Táyé:

Ẹ má bínú o, mi ò fara mọ́ ọn. Ìkejì mi lọ́kùnrin, tá a jọ jẹ́ ìbejì, ṣe àìsàn yìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn fún ọjọ́ mọ́kànlá, kò jẹun, ó ń gbọ̀n, ó ní wọ́n ń bọ̀ wá mú òun. Tẹ́ ẹ bá wá fi bọ́tìnnì àti fáànù ṣe é, àwọn èèyàn á rò pé eré ni. Ẹ̀rù tó bà á kì í ṣe ohun tá a lè rọra fẹnu bà. Ẹ jẹ́ kó ba àwọn náà.

OhùnKékeré:

Ẹ pẹ̀lẹ́, mo gbọ́ yín. Mo ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rí, ẹ̀rù yẹn ò kéré. Ohun témi ń sọ ni pé ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì yín nígbà yẹn ò ní rí nǹkan kan. Yàrá kan náà, bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù yẹn wà.

Nọ́ọ̀sì_Àṣálẹ́:

Ilé ìwòsàn ọpọlọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí Ìkejì_Táyé sọ ká mi lára, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un. Àwọn olùwádìí ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n bá fi ohùn sí èèyàn létí kó lè mọ bó ṣe ń rí, àánú àwọn tó ń ṣàìsàn máa ń ṣe é sí i lóòótọ́, àmọ́ àwọn kan tún máa ń fẹ́ jìnnà sí wọn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rù nìkan ló bá wọn dé ilé. Torí náà ẹni tó bá jáde nínú yàrá yẹn gbọ́dọ̀ pàdé èèyàn, ohùn àbúrò yín tó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe wà lónìí, fótò ibi iṣẹ́ ẹ̀, ohunkóhun tí òun bá fẹ́.

Tẹ́ ẹ bá máa lo iná tó ń ṣẹ́jú, kó má kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí àwọn tó ní wárápá. Ẹ kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà ohun tó wà nínú ilé, kí ọ̀nà àbájáde ṣí sílẹ̀, kẹ́nì kan dúró síbẹ̀. Àwọn tí irú ẹ̀ ti ṣe rí máa wá, ẹ ò ní dá wọn mọ̀.

Àṣẹ tí àbúrò yín fún yín, ẹ máa tún un gbà. Ó lè ní òun ò ṣe mọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣí i, kẹ́ ẹ sì gbà fún un láìjanpata. Ohun tó kọ tàbí tó sọ nígbà tí ara ẹ̀ ò yá, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ẹ bi í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má sì kọ orúkọ àìsàn gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́dún 1760 Charles Bonnet kọ̀wé nípa bàbá ìyá ẹ̀ tí ojú ẹ̀ ti ń fọ́, tó ń rí èèyàn, ẹyẹ àti ilé tí kò sí níbẹ̀, orí bàbá yẹn sì pé pérépéré. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ máa ń gbọ́ ohùn ẹni tó kú nígbà míì. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń rí nǹkan ló ní àìsàn kan náà.

Agbẹ́gilére:

Tèmi ò gùn. Ẹ fi vaseline pa ojú ẹnì kan dáadáa, kẹ́ ẹ fi báńdéèjì píọ́pì tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́ bo ojú ẹ̀, ẹ fi ihò imú sílẹ̀ o! Tó bá gbẹ ẹ ṣí i, ẹ kọ inú ẹ̀, apá tó kó sínú, sí àwọn èèyàn. Ẹ tan iná sí i láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá dúró níwọ̀n mítà méjì tó di ojú kan á rí ojú èèyàn tó yọ síta, tó bá rìn lọ sápá kan ojú yẹn á máa yí tẹ̀ lé e. Ojú tó yọ síta lọpọlọ ti ń rí látọjọ́ tá a ti dáyé, kò gbà pé ojú lè kó sínú. Wọ́n wá dán an wò, wọ́n rí i pé ẹ̀tàn yẹn kì í sábà mú àwọn tó ní schizophrenia tó bó ṣe ń mú àwa tó kù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń rí i bó ṣe wà gan-an. Ẹni táwọn èèyàn ní ó ń rí ohun tí kò sí, òun ló rí ohun tó wà yẹn.

AyàwòránTuntun:

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí àbúrò mi létí lánàá, látòkè délẹ̀, ó ní kí n tún apá ti Ìkejì_Táyé kà lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá ní ẹ bá òun kí ìkejì yín.

Ó ní fáànù yẹn kì í ṣe tòun, òun ò gbọ́ ohùn, kí n má gbé ohùn ẹlòmíì wọ òun. Torí náà OhùnKékeré, mi ò ní lò ó, àyàfi tí ẹ̀yin bá fẹ́ kó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi tiyín, nínú yàrá tiẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ti ojú tó kó sínú, mo ti ṣe ọ̀kan, àmọ́ ó sán lẹ́bàá imú, Agbẹ́gilére ẹ jọ̀ọ́, báńdéèjì yẹn, ìpele mélòó lẹ máa ń tò lé ara wọn?

Yàrá méjì ló máa jẹ́. Ti àkọ́kọ́, gílóòbù tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nǹkan inú ẹ̀ ò mọ́ púpọ̀. Ti ìkejì, nǹkan kan náà, ètò kan náà, àmọ́ iná funfun, gbogbo ẹ̀ ni màá fọ̀. Àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo fẹ́ jó wọn níná, òun ló ní kí n má jó wọn, kí n gbé wọn sẹ́nu ọ̀nà kí n kọ "Bí wọ́n ṣe ń wò mí" sábẹ́ wọn.

Ọjọ́ Sátidé la jọ ń lọ ra bọ́tìnnì. Ó ti ń kìlọ̀ fún mi látàná, oníhò mẹ́rin ni o, kì í ṣe oníhò méjì, ó ní òun rántí dáadáa.