Ẹrù tí a ò lò mọ́ ní ọ́fíìsì: kí lojú yín ti rí?

Olùtọ́jú Stóò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó stóò níbi iṣẹ́ wa. Bí ẹ̀ka kan bá ti kọ̀wé pé àwọn ń fẹ́ fáìlì tuntun, mo máa ń mọ̀ pé fáìlì òfìfo wà nínú kábínẹ́ẹ̀tì àwọn ará yàrá kejì, wọn ò kàn ní í yọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ni. Ọ̀gá wá ní kí n kéde pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ kó ohun tí wọn ò lò mọ́ jáde. Mo kọ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo tún fi ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà wọn. Ohun tó jáde ò kún apẹ̀rẹ̀: bírò tí kò kọ mọ́, kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, àti ife tí etí rẹ̀ ti kán.

Ìgbà tí mo jókòó ti àwọn ènìyàn, tí mo ń bi wọ́n léèrè ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. "Bí mo bá gbé e sílẹ̀ lónìí, tí mo bá wá a lọ́la ńkọ́? Fọ́ọ̀mù mélòó ni n óò kọ kí wọ́n tó fún mi ní òmíràn?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Èmi ni mò ń gba fọ́ọ̀mù náà, mo mọ iye ọ̀gá tó gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú.

Mo bá ọ̀gá sọ ọ́ pé kí a yọ fọ́ọ̀mù kúrò lórí ohunkóhun tí ẹlòmíràn ti lò. A gbé pẹpẹ kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, níbi tí kálukú ti ń dúró de ìwé rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé nǹkan síbẹ̀, kó gbé e. Ẹni tó fẹ́ mú, kó mú, kò sí ta-ló-fún-ọ-láyè. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí sítépúlà, rúlà, fáìlì onírin àti páálí ẹnífẹ́lóòpù tí wọn ò tíì tú rí fi ń ya jáde. Akọ̀wé kan tó ti ń fi lẹ́tà dà mí láàmú lórí pátákó ìlẹ̀wé rí ọ̀kan níbẹ̀, ó gbé e lọ, kò tilẹ̀ kí mi.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ará Àkántì

Ẹ ṣeun, ọ̀gá Stóò. Ìwádìí kan wà tí Daniel Kahneman, Jack Knetsch àti Richard Thaler tẹ̀ jáde ní 1990. Wọ́n fún àwọn kan ní ife, wọ́n ní kí wọ́n dárúkọ iye tí wọ́n lè tà á. Wọ́n ní kí àwọn tí wọn ò fún ní ife dárúkọ iye tí wọ́n lè rà á. Iye tí àwọn tó ni ife dá lé e tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ohun tí àwọn yòókù fẹ́ san. Ife tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà nìyẹn o! Ká má tíì sọ ti àga tí ènìyàn ti ń jókòó lé látọjọ́ tó ti wọṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta yín lólobó lórí ìwé. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí a máa fi ẹ̀yìn ìwé tí a ti lò tẹ ohun tí kò ṣe pàtàkì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àfi bí ẹnì kan ṣe fi ẹ̀yìn ìwé owó oṣù tẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí alága ń sọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ìwé ni gbogbo wa ń kà. Ohun tó bá ní orúkọ ènìyàn àti owó nínú, inú ẹ̀rọ tí ń gé ìwé wẹ́wẹ́ ni kó lọ, lẹ́yìn tí ọdún tí òfin ní kí a fi tọ́jú rẹ̀ bá ti pé.

Oníkọ̀ǹpútà

Àbúrò yín rèé. Ohunkóhun tó bá lè tọ́jú ọ̀rọ̀ sínú, ẹ jọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ dọ́dọ̀ wa kó tó dórí pẹpẹ. Bí ẹ bá pa fáìlì rẹ́, lórí ọ̀pọ̀ díìsìkì, ọ̀nà tó lọ síbi fáìlì náà nìkan ni kọ̀ǹpútà gbàgbé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi gorí rẹ̀. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan wá fún wa pé kí a fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ní àwọn ti nu gbogbo rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi bá lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ pàdé, èyí tí ẹni tó ni ín kọ tí kò fi ránṣẹ́. Mo panu mọ́, mo nu ún dáadáa. Ẹni náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Èyí tí kì í wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni ni ẹ̀rọ fótókọ́pì ńlá. Díìsìkì wà nínú púpọ̀ nínú wọn, àwòrán ìwé tí ẹ fi sí i sì lè wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera kan ní New York, Affinity Health Plan, dá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n yá padà láì nu inú rẹ̀. Ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS, tòun ti àkọsílẹ̀ ìlera àwọn ènìyàn. Ní 2013, Affinity gbà láti san 1,215,780 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà.

Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì jù ú sínú ìdọ̀tí lásán, torí ó lè gbiná. Ẹ sì má dúró kí kọ̀ǹpútà kú tán kí ẹ tó gbé e wá. Èyí tó ń falẹ̀ sábà máa ń yára padà bí a bá fi díìsìkì SSD, irú tó yára tí kò ní ohun tó ń yí nínú, rọ́pò ti àtijọ́. Tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 62 ni ìdọ̀tí ẹ̀rọ oníná tí ayé kó jọ ní 2022, àkọsílẹ̀ sì fi hàn pé èyí tí wọ́n gbà tí wọ́n tún ṣe bó ṣe yẹ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin.

Adákẹ́rorò

Ẹ má bínú o, pẹpẹ tiwa di ààtàn. Ohun tí ojú ń ti ènìyàn láti jù nù ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Wáyà ló pọ̀ jù. Ṣájà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹ̀rọ tó ni ín, ẹnu rẹ̀ á wọ kọ̀ǹpútà rẹ, ṣùgbọ́n agbára iná rẹ̀ lè má bá a mu.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni èyí tí wọ́n ń ṣe nínú ètò 5S, ọ̀nà tí àwọn ará Japan fi ń to ibi iṣẹ́ wọn: ìwé pupa. Ohun tí kò dá wa lójú, a lẹ ìwé pupa mọ́ ọn, a kọ déètì sí i. Bí oṣù bá parí tí ẹnikẹ́ni ò mú un, ó ń lọ nìyẹn, kò sí ìpàdé kankan lórí rẹ̀. Ara àwọn kan ò kọ́kọ́ gbà á. Ọkùnrin kan ń ṣí ìwé pupa kúrò lára ẹ̀rọ ìṣírò rẹ̀ lálaalẹ́, ó ń lẹ tuntun tó ní déètì ọjọ́ náà mọ́ ọn. Nígbà tó yá, a dá a padà sórí tábìlì rẹ̀.

Olùtọ́jú Stóò

Ìwé pupa yẹn wù mí, n óò gbà á lò. Ṣùgbọ́n àga àti tábìlì ńkọ́? Wọ́n ní nọ́ńbà iléeṣẹ́ lára. Bí ẹ̀ka kan bá gbé e fún òmíràn, àwọn tó ń yẹ ìwé wò á ní ó ti sọnù.

Ará Àkántì

Ẹ so ìwé kékeré kan tí wọ́n á máa kọ nǹkan sí kọ́ ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Nọ́ńbà ẹrù, ibi tó ti kúrò, ibi tó lọ. Ìlà kan péré. Ẹ má fi ààyè ìbuwọ́lùwé sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan pamọ́. Ẹ máa mú un wá fún wa ní ìparí oṣù, àwa la ó tún àkọsílẹ̀ ṣe.