Reggie Jackson nínú Baseball Heroes (Upper Deck 1990): ṣé mẹ́sàn-án ni tàbí mẹ́wàá?

Akójọ90:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Káàdì àfibọ̀ (èyí tí wọ́n máa ń fi há àárín káàdì lásán nínú pákẹ́ẹ̀tì) ti Reggie Jackson, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù baseball Amẹ́ríkà, ni mò ń kó jọ: Baseball Heroes tí ilé iṣẹ́ oníkáàdì Upper Deck ṣe lọ́dún 1990. Nọ́ńbà 1 dé 9 ti wà lọ́wọ́, ojú ewé kan nínú fáìlì sì ti kún. Àmọ́ mo rí ẹni tó ń tà á ní “sẹ́ẹ̀tì oníkáàdì mẹ́wàá”. Ìkẹwàá wo nìyẹn? Bó bá jẹ́ lóòótọ́ ló ku ọ̀kan, ṣé kí n ra odidi páálí kí n máa tú u ni? Ẹ tún bá mi sọ ọ́: ṣé sẹ́ẹ̀tì náà dára tó bẹ́ẹ̀?

Ojúlówó:
Mẹ́wàá ni. Káàdì àkọ́lé, èyí tó ń ṣáájú sẹ́ẹ̀tì, ló kù. Kò ní nọ́ńbà rárá, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà ka káàdì máa fò ó dá. Bí olùtajà bá kọ “NNO” (no number, ìyẹn aláìní nọ́ńbà), òun náà nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan. Heroes kò parí sórí Jackson. Lọ́dún 1991, Nolan Ryan gba 10 sí 18, Hank Aaron gba 19 sí 27. Lọ́dún 1992, Ted Williams gba 28 sí 36, Johnny Bench àti Joe Morgan jọ pín 37 sí 45. Kálukú ló ní àkọ́lé tirẹ̀ tí kò ní nọ́ńbà, àwọn èèyàn sì máa ń ṣi ọ̀kan mú fún òmíràn. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Èyí tí Jackson fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù, 2,500 péré ni, ọwọ́ sì ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà sára rẹ̀. Kò sí lára mẹ́wàá yìí. Sẹ́ẹ̀tì yín pé láìsí i.

Oníṣirò:
Páálí kẹ̀? Ẹ má dán an wò.

Pákẹ́ẹ̀tì ìpín kejì, èyí tó ní nọ́ńbà 701 sí 800 lára káàdì lásán ọdún náà, ni wọ́n fi Heroes sí. Bẹ́ ẹ bá lọ ra páálí ìpín kìíní, ẹ fi owó ṣòfò nìyẹn. Páálí kan jẹ́ pákẹ́ẹ̀tì 36, káàdì 15 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: káàdì 540, díẹ̀ ṣíún sì ni àfibọ̀ inú wọn.

Ẹ wá wò ó. Ká ní káàdì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀ bákan náà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láìní ẹyọ kan máa fa àfibọ̀ bíi 29, ká pín in dọ́gba, kí sẹ́ẹ̀tì tó pé. Márùn-ún àkọ́kọ́ kò ní gbà ju 6 tàbí 7 lọ. Márùn-ún tó kù ló máa jẹ bíi 23! Ẹyọ kan tó kù fún yín yìí nìkan, ẹ retí àfibọ̀ 10. Àfibọ̀ ni mo wí o, kì í ṣe pákẹ́ẹ̀tì. Ẹ ra káàdì náà ní ẹyọ.

Ewu mìíràn ni pé káàdì dídán ìgbà yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ra bí ọ̀rinrin bá ti wọ pákẹ́ẹ̀tì tí wọn ò tíì já. Bẹ́ ẹ bá ya wọ́n, ojú ọ̀kan á bó sára èkejì.

Àpò Mẹ́sàn-án:
Tó bá dé, ẹ gbé e síbi tí iná ti ń tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ rọra máa yí i. Ojúkojú kì í fi ìlà tín-ín-rín hàn. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ó ti ń funfun. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: àmì hologram kékeré yẹn (àmì tó ń dán yanran) kò gbọdọ̀ ha tàbí kó ti ṣí létí.

Ní ti fáìlì, mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án tí wọ́n fún akọni kọ̀ọ̀kan bá ojú ewé alápò mẹ́sàn-án mu wẹ́kú, àkọ́lé ló wá di àlékún. Àwọn kan máa ń ki àkọ́lé yìí bọ ẹ̀yìn nọ́ńbà 9 nínú àpò kan náà. Kò dáa. Àpò á fún, igun á tẹ̀, ẹ ò sì ní rí ẹ̀yìn káàdì méjèèjì kà. Ẹ fún àkọ́lé ní ojú ewé tirẹ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ fi sí àpò àárín, kí 1 sí 9 tẹ̀ lé e. Ojú ewé oníke polypropylene ni kẹ́ ẹ rà. Ohun tí wọ́n fi ń mú kí ike PVC rọ̀ máa ń jáde díẹ̀díẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ ojú káàdì.

Ìyá Káàdì:
Ẹni tó béèrè bóyá ó dára: ó dára, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ọdún ló fi ń rìn, láti 1969 dé 1987. Nọ́ńbà 3 jẹ́ ti 1977, ọdún tí Jackson gbá home run mẹ́ta (ìyẹn gbígbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá) nínú eré kẹfà World Series, ìdíje àṣekágbá baseball Amẹ́ríkà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí ajubọ́ọ̀lù ọ̀tọ̀ jù sí i. Nọ́ńbà 4 ni èmi fẹ́ràn jù. Bob Welch ni wọ́n fi kò ó lójú níbẹ̀, ajubọ́ọ̀lù ọmọ ọdún 21 tó ju bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án sí i nínú eré kejì World Series ọdún 1978 títí igi Jackson fi gbá afẹ́fẹ́, tí eré sì parí síbẹ̀. Jackson gbẹ̀san pẹ̀lú home run nínú eré kẹfà. Sẹ́ẹ̀tì tó ń yin èèyàn, tó tún mú alátakò rẹ̀ wọlé, kò pọ̀.

Nọ́ńbà 6 ni ti home run rẹ̀ tó pé 500 lọ́dún 1984. 7 àti 8 kò fi bẹ́ẹ̀ ní adùn. Ọdún 1976 tó lò ní Baltimore kò tilẹ̀ ní káàdì tirẹ̀. Nọ́ńbà 9, tí àwọn èèyàn ń pè ní àkọsílẹ̀ (checklist, orúkọ àwọn káàdì inú sẹ́ẹ̀tì) lásán, àwòrán tí Vernon Wells fọwọ́ kùn ni: bàbá ni o, ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ló gbá bọ́ọ̀lù fún Toronto.

Akójọ90:
Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku ìbéèrè kan: ṣé kí n fi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ránṣẹ́ sáwọn tó ń yẹ ipò káàdì wò, tí wọ́n ń fún un ní máàkì?

Ojúlówó:
Rárá o. Owó tí wọ́n máa gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ju iye tó máa tà lọ. Èyí tó ní ìbuwọ́lù nìkan ni kẹ́ ẹ rò ó fún.