Ẹ gbà mí o, ọ̀gá mi níbi ìtọ́jú eyín fẹ́ fi iṣẹ́ pa mí

Olùbéèrè (ẹ bò mí láṣìírí): Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi ìtọ́jú eyín kan n'Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń fọ irinṣẹ́, èmi ni mò ń gbowó, èmi náà ni mò ń ra búrẹ́dì ọ̀gá. Owó oṣù tó kọjá ò tíì wọlé. Bí iná bá lọ, ọ̀gá ní a ò gbọdọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ torí autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi oru omi pa kòkòrò ara irinṣẹ́, pé epo ti wọ́n jù. Ká rẹ ẹ̀mú tí wọ́n fi yọ eyín sínú Jik, ká fi omi ṣàn án, ó di ẹnu ẹlòmíì. Mo sọ̀rọ̀ lánàá, ó ní ṣé èmi ni mo kọ́ òun níṣẹ́. Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì: Fi sílẹ̀ kíá! Níbi tí wọ́n ti yọ eyín mi lọ́jọ́sí, fóònù dún, dókítà fi ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́jẹ̀ gbé e, ó tún ki ọwọ́ yẹn náà bọ̀ mí lẹ́nu.

Bàbá Tọ́míwá: Kó fiṣẹ́ sílẹ̀ kó wá máa jẹun nílé yín? Kí ni Jik ò lè pa?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Jik ò lè ṣe iṣẹ́ autoclave, ó tún ń jẹ irin. Oru omi tó gbóná dé 121°C fún ìṣẹ́jú 15 la fẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò dáadáa. Kòkòrò hepatitis B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lè wà láàyè lórí irin gbígbẹ fún ọjọ́ 7. Àbúrò mi, ṣé o ti gba àjẹsára ẹ̀?

Olùbéèrè: Kì í ṣe pé mi ò mọṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ owó oṣù gan-an ló ń dùn mí.

Ìyá Ìbejì: Mo ní kó fi sílẹ̀!

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́: O ò dá mi lóhùn.

Olùbéèrè: Àǹtí, mi ò tíì gbà á. Ọ̀gá ní tówó bá wọlé. Ẹ má pariwo mọ́ mi: abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún aláìsàn kan kí eyín ẹ̀ má baà dùn ún ló gún mi nígbà tí mò ń dé e padà lánàá. Òun ló dá ìjà sílẹ̀. Mo ti da Dettol sí i.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́: Ìsàlẹ̀ ibí lo wá ń sọ ọ́! Gbé owó oṣù tì ná. Fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀, má fún ẹ̀jẹ̀ jáde níbẹ̀, kó o lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ńlá nísinsìnyí. Oògùn tó ń dènà HIV, o gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Kí wọ́n fún ọ ní àjẹsára hepatitis B náà lónìí. Tí aláìsàn yẹn bá gbà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò.

Bàbá Tọ́míwá: Yéè! Kí ló tún ń dé abẹ́rẹ́ padà fún?

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ẹ jẹ́ ó lọ ná. Àbúrò, ṣé owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́?

Olùbéèrè: Ó wà, mà. Ọ̀gá ní tí mo bá lọ sọ ọ́ níta, kí n má padà wá. Mò ń wá ọ̀kadà báyìí.